Àwọn Obìnrin Tí Kò Dé Ọsibítù

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún, 1991

Iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lónìí. Dókítà Oyèníran pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ títí òjò ọdún yìí yóò fi dá, kí n máa lọ sílé àwọn aláìsàn wa tó ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹgbẹ́dá wa níbí títí dé Ìkọ̀tún àti Ìgàndó. Jẹjẹrẹ páńkíríásì ló ń wádìí, ẹ̀yà ara kékeré tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí pé òun ní in àfi tó bá bàjẹ́. Ó fẹ́ mọ àdúgbò tó ti pọ̀ jù, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó sì fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọkùnrin ló kún inú ìwé wa.

"Nílùú òyìnbó náà, ọkùnrin ló ń ní in jù," ló wí. "Sìgá wà lára ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, obìnrin kò jìnnà sí ọkùnrin tó báyìí. Tiwa yìí ti pọ̀ jù, Nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ̀ bóyá bí àìsàn náà ṣe rí nìyẹn, àbí àwọn obìnrin ni a kò rí."

Inú Festus ọkọ mi dùn pé ìyàwó òun kò ní í ṣiṣẹ́ òru fún ìgbà díẹ̀. Òun ló ro ẹ̀bà ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó rọ̀ jù, mo ṣá jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún

Òjò láti òwúrọ̀. Omi ya bo ọ̀nà Ìdímù, mo bọ́ bàtà, mo gbé e dání. Ilé kan péré ni mo dé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Pleasure. Ẹni tí mò ń wá ti kú lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, ó po tíì gbígbóná fún mi, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè mi láìbínú. Ó ní sìgá kì í wọ́n lẹ́nu ọkọ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Karùn-ún

Mo lọ kí Bàbá Zacchaeus. Kátíkísì ni wọ́n nínú ìjọ Áńgílíkà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Dókítà Oyèníran ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Kò lè yọ jẹjẹrẹ náà kúrò, ó ti gbilẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà mìíràn fún òróòro tó há, ojú Bàbá mọ́, ara kò sì yún wọn mọ́. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní í pẹ́ láyé. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń bó ọsàn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bá mi jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Kí ẹ tó wá gé mi, ìyún yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn ohunkóhun. Ní báyìí, ọsàn ń dùn lẹ́nu mi bíi ti ọmọdé."

Mo bẹ̀rẹ̀ àwọn ìbéèrè mi. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí léèrè bóyá ọkùnrin nìkan ni mò ń wá. Mo ní rárá, à ń wá obìnrin náà, a kò rí wọn ni. Bàbá wo ìyàwó wọn, Màmá Susanna, tó ń to aṣọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Sọ ti Agnes fún un."

Màmá to aṣọ ọwọ́ wọn tán. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá jókòó. Àbúrò wọn ni Agnes, Ẹ̀gàn ló ń gbé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rù, gbogbo ènìyàn ní ibà pọ́njú ni. Wọ́n ń fún un lágbo. Nígbà tí agbo kò ràn án, wọ́n gbé e lọ sílé ní Oǹdó, ibẹ̀ ló sì kú sí. Dókítà kankan kò fojú kàn án.

"Èmi wá ńkọ́?" ni Bàbá wí. "Ojú mi pọ́n lónìí, lọ́la ni àwọn ọmọ ti wá mọ́tò tí yóò gbé mi lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé."

"A kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ irú èyí," ni Màmá wí.

Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́ báyìí, ó lè jẹ́ òun, ó sì lè má jẹ́ òun. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Karùn-ún

Mo ròyìn Agnes fún Dókítà. Ó yí ojú sójú fèrèsé.

"A ò lè ka ẹni tí wọ́n ti sin," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè ṣì wà nínú ilé. Ẹ wá wọn kàn níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Karùn-ún

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin sọ̀rọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí. Mo ní kí wọ́n fi obìnrin tí ojú rẹ̀ bá pọ́n hàn mí. Ohun tí mo rí kò ṣeé fẹnu sọ. Àpólò ló mú ẹni méjì. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ àlùbọ́sà tán ni. Òmíràn ní ọmọ tuntun tí kì í jẹ́ kó sùn. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ ní kí n wá wo ìyàwó ọmọ òun, nítorí pé ojú rẹ̀ pọ́n sí ohun olóhun. Mo ròyìn fún Festus, a rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi tutù.

Láti òní lọ, "ojú tó pọ́n bí ògì àgbàdo pupa" ni màá máa wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Karùn-ún

Màmá Susanna ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní obìnrin kan wà ládùúgbò tí Agnes gbé ní Ẹ̀gàn, kí n lọ wò ó, wọ́n sì bá mi lọ fúnra wọn.

Wàsílátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Báyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ń sin adìyẹ, ilé adìyẹ rẹ̀ gùn, ó mọ́ tónítóní, òórùn rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ jù. Ó ń bu oúnjẹ fún wọn nígbà tí a dé. Ọwọ́ kan ló fi ń bù ú, èkejì ló fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìgbà tó yíjú sí wa ni mo rí ẹyinjú rẹ̀. Ògì àgbàdo pupa gan-an ni.

Kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó ní láti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ti ń ṣe òun.

"Ojú yìí, ṣé ó máa ń mọ́ nígbà mìíràn?" ni mo bi í.

"Ó ń mọ́, Àǹtí. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ó mọ́ pátápátá, mo rò pé ó ti lọ. Ẹ̀yìn náà ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í run mí lápá ọ̀tún níbí, òtútù mú mi, mo gbọ̀n, ojú sì tún pọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí mi lọ́kàn. Ti Bàbá Zacchaeus kò mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ńṣe ló ń pọ́n sí i. Mo ní kó bá mi lọ rí Dókítà. Ó ní òun yóò gbọ́ ti ọkọ òun ná.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù Karùn-ún

Mo bá Bàbá Báyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, káfíńtà ni. Mo ti múra sílẹ̀ de ọkùnrin líle, ẹni jẹ́jẹ́ ni mo bá. Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì kí n lè jókòó, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn kí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ má baà gbọ́.

"Mo ti gbé e lọ sí kílíníìkì kan," ló wí. "Wọ́n ní ó jọ jẹjẹrẹ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ òun ni, kò sóògùn. Ìyàwó mi kò mọ̀. Iléyá ti ń bọ̀, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ó rò pé ọdún la fẹ́ lọ ṣe."

"Ǹjẹ́ wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù ńlá fún ìyẹn. Kí ni ó kù tí mo fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀?" Ó ń gbọn eruku igi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku níbẹ̀ mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."

Mo ní n kò ní í lọ bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá bi mí, n kò ní í purọ́. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé ojú tó ń pọ́n tó tún ń mọ́ yìí lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo rí i pé ẹ̀rù ìrètí gan-an ló ń bà á.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Bàbá Zacchaeus kò dìde lórí ibùsùn mọ́. Wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé kí àwọn lè gbọ́ òjò. Gààrì tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹfà

Mo lọ sí Ẹ̀gàn láti wo Ìyá Báyọ̀, mo bá ọkọ rẹ̀ nílé. Bí mo ṣe jókòó ni Wàsílátù ní kí ọkọ òun náà jókòó.

"Bàbá Báyọ̀, àwọn aṣọ mi tí ẹ ti kó sínú àpótí, mo rí wọn. Ẹni tó ń lọ ṣe Iléyá kì í kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹ fẹ́ gbé mi lọ kú sílé ìyá mi."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo mi orí, pé kì í ṣe èmi.

"Ẹ má wo Àǹtí. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún adìyẹ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ yín."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n la inú rẹ lásán ni," ló wí.

"Ta ló ní lásán ni? Ẹni tó fọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kílíníìkì?" Ó sinmi díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀, ìrora ń mú un. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ká ní ẹ̀yin lojú yín pọ́n, ṣé Ìkàrẹ́ ni ẹ ó ní kí n gbé yín lọ?"

Adìyẹ ń ké lẹ́yìn ilé. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ ní, "Ọsibítù ni."

"Ó dáa. Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ náà."

Ọjọ́ Ajé la ó lọ. Ọkọ rẹ̀ sìn mí dé ojú ọ̀nà, òun ló bá mi gbé báàgì mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹfà

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú Wàsílátù lánàá. Ọ̀nà òróòro ti wú, nǹkan kan ló dí i nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò fi ohun tó dí i hàn. Dókítà Oyèníran jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un tààrà níṣojú ọkọ rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ òkúta. Bó ṣe ń mọ́ tó tún ń pọ́n yìí mú kí n máa ronú òkúta, ṣùgbọ́n mi ò ní í ṣèlérí. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, màá la ọ̀nà fún òróòro, ara á tù yín, ẹ óò lè jẹun, ẹ óò lè sùn. Bó bá jẹ́ òkúta, màá yọ ọ́, ẹ óò padà sọ́dọ̀ adìyẹ yín."

"Ta ló sọ ti adìyẹ mi fún yín?" ni Wàsílátù bi í, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ó gbà. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹfà

Bàbá Zacchaeus kú láàárọ̀ yìí, ìyàwó wọn di ọwọ́ wọn mú. Mo bá Màmá pa ibùsùn dà. Wọ́n ní Bàbá kò kú nínú ìrora, àti pé wọ́n béèrè nípa obìnrin Ẹ̀gàn yẹn lánàá, inú wọn dùn láti gbọ́ pé ó wà ní ọsibítù. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Festus jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹfà

Mo jókòó pẹ̀lú Bàbá Báyọ̀ níta tíátà. Ó sọ bí òun ṣe pàdé ìyàwó òun fún mi, bó ṣe jẹ́ pé àga ló wá rà lọ́wọ́ òun, tó sì dá a padà nítorí pé ẹsẹ̀ kan kúrú. Ó ní òun tún un ṣe, ó tún dá a padà. Ìgbà tó dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta ni òun wá mọ̀ pé àga kọ́ ló ń wá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà jáde, ìbòmú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún ọkùnrin náà.

"Òkúta ni. Mo fọwọ́ yẹ páńkíríásì rẹ̀ wò dáadáa. Mi ò rí jẹjẹrẹ kankan."

Bàbá Báyọ̀ gba ìgò náà. Ó wo inú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ebi á máa pa ìyàwó òun tó bá jí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹfà

Iléyá lónìí. Lẹ́yìn ìsìn, mo kọjá sí ọsibítù. Bàbá Báyọ̀ ti kírun tán, ó gbé ẹran àgbò dídín wá, ó pín in fún gbogbo wọ́ọ̀dù, àti àwọn nọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń nulẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò tíì lè jẹ nínú rẹ̀. Ó ń mu omi ọbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wò wá bí a ṣe ń jẹ, ó ní inú ń bí òun. Ẹyinjú rẹ̀ ti ń funfun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Keje

Wọ́n ti dá Wàsílátù sílẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọ Ẹ̀gàn, a fẹsẹ̀ rìn níparí, díẹ̀díẹ̀. Ilé adìyẹ ló kọ́kọ́ yà sí. Ó wò wọ́n yíká, ó ní ọkọ òun ti fi oúnjẹ bà wọ́n jẹ́, wọ́n ti sanra jù, wọn kò ní í yé ẹyin dáadáa. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Keje

Dókítà ka iṣẹ́ wa fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti inú oṣù tó kọjá ni àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé: kì í ṣe gbogbo wọn ló ní jẹjẹrẹ, ẹ̀dọ̀ ló ń dààmú àwọn kan. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ́ láti Akẹ́san jẹ́ òun gan-an. A la ọ̀nà fún òróòro tirẹ̀ náà. Ó ń sùn báyìí, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbádùn oorun gbẹ̀yìn. Mò ń lọ wò ó déédéé, bí mo ṣe ń lọ wo Bàbá Zacchaeus.

Dókítà kò sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Ó ní iṣẹ́ wa kéré jù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin ṣì pọ̀ jù. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àìsàn yìí ṣe ń rìn láti àdúgbò dé àdúgbò kò gbọdọ̀ dúró de aláìsàn ní ọsibítù.

Nígbà tí a jáde, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, Nọ́ọ̀sì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan á ka ìwé wa, á ní jẹjẹrẹ yìí ti ń pọ̀ sí i láàárín àwọn obìnrin Alímọ̀ṣọ́."

"Kí la ó wá sọ fún un?"

"Pé wọ́n ti ń jáde wá ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹjọ

Oòrùn ràn lónìí, àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Mò ń sá aṣọ nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Bàbá Báyọ̀ ni, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń yí fìlà mọ́ ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Julius nìyí, bíríkìlà ni, Ìgàndó ló ń gbé. Ojú ìyàwó rẹ̀ pọ́n. Ó fẹ́ gbé e lọ sílé lọ́la." Ó fọwọ́ lé èjìká ọkùnrin náà. "Mo ti sọ fún un pé ẹ̀rù ba èmi náà."

Julius kò gbójú sókè. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún mi níbẹ̀, mà," ló wí.

"Èmi náà kò mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ó lè rìn?"

Ó ní ó lè rìn. Mo fi aṣọ yòókù sílẹ̀ fún Festus, mo wọ bàtà mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ lọ mú un wá.